Háàdì Dísìkì Láti Ọ̀tígbá

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà tí àwọn Faransé ti ṣèjọba. Yorùbá ni mo fi sunkún, Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Nítorí náà, nígbà tí mo ń bọ̀ ní Èkó, ó dà bí ẹni pé ilé mìíràn ni mo ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nílùú kan, kó sì tún jẹ́ àjèjì níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Agége ni ojú mi là. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo bá ìyá kan nídìí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Ìyá náà gbójú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá gbọ́ o! Ẹ wá gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe ń sọ Yorùbá!”

Àwọn obìnrin yòókù jáde sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọn kò gbèrò ibi sí mi. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bu àkàrà fún mi níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ mí ní Kútọnu. Mo ṣàlàyé pé Kétu ni mo ti wá, pé Kétu jìn sí Kútọnu, pé Yorùbá bíi tiwọn ni wá.

“A ti gbọ́, Kútọnu,” ni wọ́n wí.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Rísíkátù ni mo wà. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, wọ́n sì ti pẹ́ ní Agége débi pé kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìrọ̀rí ni wọ́n ń rán tà. Àwọn ègé tí ilé-iṣẹ́ fóòmù ń dà nù ni wọ́n ń kó, wọn á já a wẹ́wẹ́, wọn á rọ ọ́ sínú aṣọ. Ẹyọ yàrá kan là ń gbé, ègé fóòmù sì kún un dé ọrùn fèrèsé. Ó wà nínú irun wa, ó wà nínú ọbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń sunkún lórí ìrọ̀rí nínú yàrá yẹn, ó kéré tán, ìrọ̀rí kò wọ́n mi.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe kúrò nílé. Àjàṣẹ́, ní ìhà àwọn Faransé kan náà, ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, níbẹ̀ náà ni mo ti ń ṣe é kí ọ́fíìsì tí mo wà tó kógbá sílé. Àwọn èèyàn ní iṣẹ́ wà ní Ìkẹjà, pé ṣe ni ilé-iṣẹ́ to ojú ọ̀nà ibẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Òótọ́ ni, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ọ̀pọ̀ ti ti géètì pa. SAP, ètò ìjọba tó mú kí ohun gbogbo wọ́n, ti dé bẹ̀ ṣáájú mi, àwọn ológun ló wà lórí àlééfà, àwọn ọkùnrin tó mọṣẹ́ sì ń jókòó sábẹ́ igi níwájú géètì tí wọ́n fi ṣéènì dè, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń bọ̀ wá pè wọ́n wọlé.

Àǹtí ló bá mi wá iṣẹ́. Ìyàwó ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì ìtẹ̀wé ní Opebi máa ń ra ìrọ̀rí lọ́wọ́ wọn, Àǹtí sì ti ìdí ìrọ̀rí tọrọ iṣẹ́ fún mi. Orúkọ ọkùnrin náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọ̀kàn, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Akáńtáǹtì ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wọlẹ̀, kò rí ẹ̀tọ́ Ọ̀gá san tán, ló bá ní kí wọ́n máa gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn lọ dípò èyí tó kù. Kọ̀ǹpútà yẹn ni Ọ̀gá fi dá ọ́fíìsì sílẹ̀, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí títì. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà. Bí wọ́n bá tàn án, yóò kọ́kọ́ kùn títí, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, kí ó tó dáhùn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé bẹ̀, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ pé mo mọ “òdínátẹ́ẹ̀” í lò dáadáa. Bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn, orúkọ tí àwọn Faransé fún kọ̀ǹpútà. Àǹtí Bísí, tó jẹ́ atẹ̀wé níbẹ̀, yí àga rẹ̀ padà.

“Òdí kí ni?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n gbé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan síwájú mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti kọ́ mi ní Àjàṣẹ́ pé atẹ̀wé tó bá ń wo ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe atẹ̀wé. Torí náà mo tẹjú mọ́ lẹ́tà, mo jẹ́ kí ìka mi máa sáré, ìdùnnú sì ń gbé mi nítorí mo gbọ́ bí ọ́fíìsì ṣe dákẹ́ láti gbọ́ ìró rẹ̀. Mo parí, mo gbójú sókè wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀. Gbogbo ibi tó yẹ kí *a* wà, *q* ló jókòó síbẹ̀. “Dear” ti di “deqr.” “Madam” ti di ohun tí ẹnu kò lè pè. Mi ò mọ̀ pé bí àwọn Faransé ṣe to lẹ́tà sórí kíbọọ̀dù kọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó. Àǹtí Bísí kà á sókè, ó kà á bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, oníbàárà kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sì rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò tó láti fi ṣàlàyé, Yorùbá mi sì tún máa mú wọn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi lé itan bí ohun tí mo jí.

Ọ̀gá kò lé mi. Wọ́n ní kí n máa dúró ti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ná, kí n máa pọn omi, kí n máa ra búrẹ́dì fún wọn lọ́sàn-án. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n inú rere tí wọ́n ṣe fúnni lójú àwọn tó ti fini ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń ta èèyàn lára ju èébú lọ.

Mo ń tẹ ìyá mi láago láti àgọ́ tẹlifóònù kan ní Agége. Kò sí fóònù nílé wa. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà ni ìyá mi ti ń gbà á, ohùn mi sì máa ń bú jáde níbẹ̀ débi pé àwọn tó wá ra iyọ̀ náà ń gbọ́ mi.

“Ṣé o wà nídìí ẹ̀rọ?” Ìyá mi á bèèrè, kíké ni wọ́n ń ké e.

“Mo wà nídìí ẹ̀rọ, Ìyá.”

“Ẹ gbọ́! Ó ní òun wà nídìí ẹ̀rọ!”

Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni. Mi ò kúkú purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, n kì í lè lọ sílé tààrà. Mo máa ń rìn gba ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́, níbi tí koríko ti hù gba àárín àwọn irin tó ti dípẹtà, títí ojú mi á fi gbẹ. Ní Kétu, ọmọ tó lọ Èkó ni mí. Ní Èkó, ọmọ Kútọnu. Mo ń wá ibì kan láàárín méjèèjì tí mo lè fi ara lé, mi ò rí i.

Báyìí ni a wà títí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá fi kún.

Ó ti pẹ́ tó ti ń kún bọ̀. Háàdì dísìkì inú rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ pamọ́ sí, kéré gan-an. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé, Àǹtí Bísí á kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́ kí àyè tó lè wà. Ìgbà míì, ẹni tó ni ti àtijọ́ á padà dé pé kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun, àfi kí a máa bẹ̀ ẹ́. Ọ́fíìsì tó wà ní òdìkejì títì ti ra kọ̀ǹpútà tuntun tó ń ya àwòrán, tó ń ṣe lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Àwọn oníbàárà ń sọdá sọ́hùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Bísí náà sọdá. Kò dágbére fún mi. Láti ojú fèrèsé wa, mo ń rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀gá gba àga rẹ̀, wọ́n ń fi ìka méjì tẹ̀wé bí adìẹ tó ń ṣa ọkà. Wọn kò ní kí n bọ́ síbẹ̀, èmi náà kò sì jẹ́ dábàá rẹ̀. Mo ti ń kọ́ kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì lórí páálí tí mo ya lẹ́tà sí nílé, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kà sókè lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dún létí mi.

Nígbà tó yá, ìyá àgbà kan tó ni ilé-ìwé ní Abúlé Ẹ̀gbá wá. Ìdánwò gbogbo kíláàsì rẹ̀ ló fẹ́ kí Ọ̀gá máa tẹ̀, sáà dé sáà. Iṣẹ́ tó lè gbé ọ́fíìsì ró ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ àwòrán nínú rẹ̀, èso àti ẹranko fún àwọn ọmọ kéékèèké, kọ̀ǹpútà wa kò sì ní àyè tí ètò ayàwòrán lè wọ̀. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan, pé bí kò bá ṣeé ṣe, òun á sọdá títì.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá pè mí. Wọn kò wo ojú mi.

“Lọ sí Ọ̀tígbá. Ṣọ́ọ̀bù Mùfútáù ni kí o bèèrè. Háàdì dísìkì tó tóbi, tòkúnbọ̀ náà kò burú. Òun nìkan ni mo gbọ́ pé kì í ta òkú ọjà. Ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Ọ́fíìsì kan ní Opebi ni kí o wí.”

Ọ̀tígbá kò tíì gbèrú tó bó ṣe wá dà nígbà yẹn. Ilé gbígbé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì jẹ́, àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà sì ń gba ìsàlẹ̀ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí Mùfútáù níwájú ṣọ́ọ̀bù tó há, ó jókòó láàárín ikùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tú. Ọkùnrin tó ti pé ọgbọ̀n ọdún dáadáa ni, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo sọ irú kọ̀ǹpútà tí a ní fún un. Ó gbé orí sókè.

“Irú ẹ̀rọ yẹn ti kúrò nígboro. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí i rí, ní ilé-iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo gbé e gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tó dé.” Ó wò mí dáadáa. “Ta ló rán ọ wá?”

“Ọ́fíìsì kan ní Opebi ni.”

“Ọkùnrin gíga kan? Tó máa ń ki báírò bọ ẹ̀yìn etí?”

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ìwọ kò mọ irọ́ í pa, àbúrò. Ọ̀gá Adéṣọ̀kàn ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n má sọ.”

“O ò sọ. Èmi ni mo sọ ọ́.”

Ó dìde, ó mú háàdì dísìkì kan tó fi aṣọ wé, ó kó irinṣẹ́ sínú báàgì, ó ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn tà á fún mi, pé a máa wá ẹni tó máa bá wa fi sí i. Ó ní ẹ̀rọ tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, òun kò lè jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì bà á. A jọ ń lọ. Mo ti rí i pé ìtìjú kan wà láàárín àwọn méjèèjì, èmi ni mo sì ń fà á bọ̀ wálé báyìí. Mo ní iṣẹ́ mi parí lónìí.

Nígbà tí a gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, Ọ̀gá wà nídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n rí i, wọ́n dìde.

“Ẹ káàsán, sà,” Mùfútáù wí, ó dọ̀bálẹ̀.

“Mùfútáù.”

“Sà.”

Ọ̀gá wò mí. Kì í ṣe ìbínú ni mo rí. Ojú ẹni tí wọ́n bá lójijì níbi tó ti ń wẹ̀ ni. Mùfútáù ti tẹ̀ síwájú.

“Ẹ jẹ́ kí n wo aláìsàn wa.”

Ó tú ìdérí ẹ̀rọ náà. Erùkù wà nínú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, òkú ọmọńlé kan gbẹ sí ìsàlẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo rẹ̀. Ó tú háàdì dísìkì àtijọ́ jáde, ó fà á yọ lára wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọ̀gá. “Gbogbo iṣẹ́ yín wà nínú èyí. Ẹ bá mi mú un dáadáa, sà.” Ọ̀gá tẹ́ áńkáṣíìfù sórí itan, wọ́n gbé e lé e.

Mùfútáù so èyí tó mú wá mọ́ ẹ̀rọ, ó tan iná. Ẹ̀rọ kùn, ó kùn títí. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ jáde lójú rẹ̀. Mùfútáù mójú mọ́ ọn, ó tẹ “Format,” àṣẹ tó máa nu inú háàdì dísìkì náà mọ́. Ohun tó jáde kọ́ ni ohun tó tẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. “For,qt” ni ẹ̀rọ ń kọ.

“Ọ̀gá, kíbọọ̀dù yín ti bàjẹ́ o.”

Mo ti rí i láti ibi tí mo dúró sí. Àwọn ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ yẹn, mo ń kà wọ́n bí mo ṣe ń ka orúkọ mi. Ìlú àwọn Faransé ni háàdì dísìkì náà ti wá, ó sì gbé èdè rẹ̀ dání, ó ti sọ kíbọọ̀dù wa di ti ọ̀hún. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rántí ẹ̀rín ọjọ́ kìíní. Mùfútáù ti ń yọ kíbọọ̀dù kí n tó lanu.

“Kò bàjẹ́. Èdè wa ni.” Mo tún un sọ kíákíá, “Èdè Faransé ni, sà. Ó ti to lẹ́tà ní tiwọn.”

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo dúró de ẹ̀rín.

“Háà! Mo mọ̀ pé Kútọnu ni ẹrù yẹn gbà wọlé,” Mùfútáù wí, ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga. “Wá jókòó. Máa sọ ohun tó ń wí fún mi.”

Mo jókòó. Ó ń pe àṣẹ, mo ń tẹ̀ ẹ́, mi ò wo ọwọ́ mi. Ẹ̀rọ náà kìlọ̀ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yóò parẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀, Mùfútáù ní kí n wò ó. Ìwé ẹnìkan ni, ẹni tí a kò mọ̀ rí: ìsinmi etí òkun, bí wọ́n ṣe ń se ẹran ehoro, àkọlé kan tó jẹ́ “Fún Màmá.” Mi ò ṣí i. Ó dùn mí láti gbá ilé onílé mọ́. Ẹ̀rọ bèèrè pé ṣé ó dá mi lójú. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, Ọ̀gá mi orí, mo sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí Mùfútáù padà fi Gẹ̀ẹ́sì sí i, ìṣòro mìíràn dé. Kọ̀ǹpútà wa kò rí ju ìdajì àyè tó wà nínú háàdì dísìkì náà. “Ó ti dàgbà,” Mùfútáù ṣàlàyé, “wọn kò tíì ṣe èyí tó tóbi báyìí nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹní fún arúgbó ní ilé ńlá ni, ó ní pálọ̀ nìkan lòun mọ̀.” Ó fi ètò kékeré kan sí i tó máa là á lójú. Ó gbìyànjú rẹ̀, kò ṣe. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tó wá rí gbogbo rẹ̀, Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Mùfútáù gba ti àtijọ́ lórí itan wọn, ó so méjèèjì pọ̀, ó ní kí iṣẹ́ inú ọ̀kan máa kọjá sínú èkejì.

Kò tíì kọjá dé ìdajì tí NEPA fi mú iná lọ.

Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà yẹn, àwọn èèyàn ń sùn sí ilé epo. Mùfútáù ní kí a fọkàn balẹ̀, pé ohun tó wà nínú ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, àfi kí iná dé kí a tún un bẹ̀rẹ̀. Fáànù dúró. Ooru bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì náà jókòó dojú kọ ara wọn, kò sí iṣẹ́ mọ́ tí wọ́n lè fara pamọ́ sí.

“Ọ̀gá,” Mùfútáù wí níkẹyìn, “ẹ ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Ẹ máa ń yíjú sí apá kejì.”

Mo dìde pé kí n lọ fọ ife.

“Jókòó,” Ọ̀gá wí fún mi. Wọ́n yọ báírò kúrò lẹ́yìn etí, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. “Ojú ló ń tì mí, Mùfútáù.”

“Ti kí ni, sà?”

“Èmi ni mo fún ọ ní ìwé gbélé-ẹ. O bi mí pé kí ni o ṣe. Mo mọ̀ pé o ò ṣe nǹkan kan. Kàkà kí n sọ bẹ́ẹ̀, mo ní kí o fọwọ́ síwèé kí o sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, pé àwọn míì ń dúró.”

Ní títì, ẹnìkan ń polówó omi tútù.

“Ìyàwó mi lóyún nígbà náà,” Mùfútáù wí. “Mo ṣépè fún yín, Ọ̀gá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ṣépè fún yín lójoojúmọ́. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n ti fún ẹ̀yin náà ní ìwé tiyín, mo rẹ́rìn-ín. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n wá bá mi rẹ́rìn-ín.” Ó nu ojú rẹ̀. “Lọ́jọ́ tí mo rí yín tí ẹ ru kọ̀ǹpútà yìí sórí ọkọ̀ akẹ́rù, tí ẹ jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀, tí ẹ dì í mú kó má ṣubú, ẹ̀rín yẹn korò mọ́ mi lẹ́nu. Bí ẹ bá ń yíjú sí apá kejì, èmi náà, mo máa ń tẹrí ba sídìí iṣẹ́ títí ẹ ó fi kọjá.”

Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà méjì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síra wọn rí. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ìtìjú bá gbé ní gbogbo Ìkẹjà, pé ojúlé kọ̀ọ̀kan tí mo ń kọjá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ wà nílé ara wọn. Ọmọ bíbí ibẹ̀ ni Ọ̀gá, wọ́n sì ń gba ẹ̀bá ọ̀nà ní ìlú wọn bí àlejò.

“Má bínú, Mùfútáù,” Ọ̀gá wí.

“Ó dùn mí púpọ̀, sà.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ máa yà bí ẹ bá ń kọjá.”

Iná dé nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. A tún un bẹ̀rẹ̀, a sì ń wo bí orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá lójú ẹ̀rọ títí ó fi parí. Kò sí èyí tó sọnù. Mùfútáù fi ètò ayàwòrán sí i, àyè ṣì ṣẹ́ kù bíi pápá. Ó gba owó ọjà rẹ̀, kò gba ti iṣẹ́ ọwọ́.

Ó dé ìdérí padà, ó bẹ̀rẹ̀ pé kó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti gbé e.

“Háà, rárá, sà! Ẹ gbé e fún mi.”

“Máa lọ níwájú.”

Mo lọ sójú fèrèsé. Mo rí wọn ní títì, Mùfútáù ń na ọwọ́, Ọ̀gá ń gbé báàgì náà sí apá kejì kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tó o. Báàgì ẹlẹ́gbin ni, òróró ti rin ín, ó ń kun ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn. Àwọn tó mọ Ọ̀gá ní Opebi ń kí wọn, wọ́n ń wo báàgì. Ọ̀gá ń dáhùn, wọn kò yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ títí mi ò fi rí wọn mọ́.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó padà. Mo ti nu tábìlì, mo ti gbá ilẹ̀, mo dúró síbi ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì mi. Òógùn ti bo Ọ̀gá. Wọ́n mú ìwé ìdánwò àwọn ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n gbé e síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fa àga yẹn sẹ́yìn.

“Bọ́ síbí. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni kíbọọ̀dù báyìí o. Bí o bá ṣì í, tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó máa kà á sókè.”

Mo jókòó. Mo wo ọwọ́ mi, mo wá lẹ́tà *a* níbi tó wà. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró kọ́ọ̀pù. Mo ta gìrì, mo fẹ́ dìde, nítorí iṣẹ́ mi ni omi bíbù.

“Jókòó,” Ọ̀gá wí. “Màá bù ú fúnra mi.”

Èmi ọmọ kékeré jókòó, àgbà ń bu omi mu lẹ́yìn mi. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé.